Nọ́ńbà kan náà ló wà lára páálí, ọkọ̀ inú rẹ̀ ló yàtọ̀

Ẹ ní ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín ra Peugeot 504 kékeré ti 1:18, ìyẹn ọkọ̀ àwòṣe tí gígùn ọkọ̀ gidi jẹ́ ìlọ́po 18 tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan náà, àwọ̀ kan náà, nọ́ńbà kan náà lára páálí. Tirẹ̀ ń dán, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì pa dé. Tiyín ní àlàfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kókó wẹ́wẹ́ sì wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹ wá béèrè bóyá ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Rárá o, ojúlówó ni méjèèjì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó irú ọkọ̀ yìí jọ, 504 ló sì pọ̀ jù nínú tèmi, nítorí pé láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná ní 1975, kò sí àdúgbò wa tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Mi ò tíì rí méjì tó bára mu délẹ̀délẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ló fà á. Síǹkì ni irin náà, wọ́n pò ó mọ́ alumíníọ̀mù bíi 4% àti àwọn irin mìíràn díẹ̀. Á yọ́ ní nǹkan bíi 385°C, wọ́n á sì fi agbára tì í wọ inú mọ́ọ̀dù irin líle. Mọ́ọ̀dù yẹn ń jẹ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Èyí tó bá jáde nígbà tí mọ́ọ̀dù ṣì tuntun, gbogbo ìlà ara rẹ̀ á hàn kedere. Èyí tó bá jáde nígbà tó ti gbó, irin pẹlẹbẹ á yọ létí ilẹ̀kùn, ọwọ́ ènìyàn ni yóò sì fi fáìlì rẹ́ ẹ kúrò. Ọwọ́ ènìyàn náà ló ń so ilẹ̀kùn, tó ń lẹ gíláàsì, tó ń fi síkúrù dè é láti abẹ́. Àmì kìnnìún iwájú rẹ̀ ńkọ́? Rọ́bà rírọ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ bí òǹtẹ̀, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ara ọkọ̀ kò bá jókòó dáadáa nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, kìnnìún á wọ́.

Ẹ má sì gbàgbé ìṣirò. Ojúlówó 504 gùn tó mítà 4.49, èyí tó wà lọ́wọ́ yín kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 25 lọ. Àlàfo ìdajì mìlímítà lára tiyín dà bíi mìlímítà 9 lára ọkọ̀ gidi. Ìdí nìyẹn tí ojú fi ń tètè rí i. Ọkọ̀ funfun ló sì máa ń tú àṣírí àlàfo jù, nítorí òjìji inú rẹ̀ á dúdú. Ọkọ̀ dúdú ló ń tú àṣírí ọ̀dà.

Tèmi, ọ̀dà ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ilẹ̀kùn tó yọ díẹ̀, kìnnìún tó wọ́, mo lè fara mọ́ ọn. Ọ̀dà tó ń wú, mi ò ní gbà á láé. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ gba orí bọ́nẹ́ẹ̀tì kọjá. Èérí tó bọ́ sínú ọ̀dà nígbà tí wọ́n ń fín in máa ń ní orí ṣóńṣó, ó le, bó ṣe rí lónìí náà ni yóò rí lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ọ̀dà tó wú máa ń rí roboto, orí rẹ̀ á sì dán. Inú irin ló ti ń bọ̀: ọ̀rinrin ti wọ abẹ́ ọ̀dà, síǹkì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Irú ìyẹn ń pọ̀ sí i ni. Ẹ wo ibi tí bùútù 504 ti ṣẹ́ sísàlẹ̀ dáadáa, torí pé ọ̀dà kì í nípọn níbi tí irin bá ti ní etí mímú.

Afẹ́fẹ́ etí òkun wa tún ń dá kún un. Ẹ má fi í sínú náílọ̀n kí fóòmù sì tún fún un mọ́ra látìgbà òjò dé ìgbà òjò. Mo máa ń yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, mo sì máa ń fi àwọn àpò kékeré tó ń fa omi sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ti irin tó ń là fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tó bá ń ra Dinky, ọkọ̀ ìṣeré tí wọ́n ṣe ní Liverpool nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n: òjé tó wọ inú síǹkì ló ń fà á, irin á wú, á wọ́, á sì fọ́ wẹ́wẹ́. Kò ní oògùn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ilẹ̀kùn yín, ìyẹn lè ní àtúnṣe. Ẹ gbé ọkọ̀ náà sórí gíláàsì tó tẹ́jú. Tí táyà kan bá wà lókè, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé wọ́n ti dè é jù lábẹ́, tí ìyẹn sì ń fa ara rẹ̀ wọ́. Ẹ tú àwọn síkúrù abẹ́ rẹ̀ díẹ̀, kí ara rẹ̀ jókòó, kí ẹ wá máa dè é padà ní ìgun sí ìgun, díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀kùn tó pọ̀ ló ti padà sáyè rẹ̀ lọ́wọ́ mi báyìí. Ẹ má fi tipátipá tẹ apá tó gbé ilẹ̀kùn dúró o. Síǹkì kì í tẹ̀ bí irin tí paneli-bítà ń lù, ṣe ni yóò kán.

Dígí ẹ̀gbẹ́ tó bá já bọ́ sínú páálí, ìrìn àjò ló jà á, ẹ má kà á mọ́ iṣẹ́ tí kò dáa.

Àwọn tó ń kó Hot Wheels, ọkọ̀ ìṣeré kéékèèké, jọ máa ń wá èyí tí wọ́n ṣe sódì, wọ́n á sì san owó lé e. Ní 1:18, ẹnikẹ́ni kò ní san owó lé àlàfo fún yín. Nítorí náà, kí n tó sanwó, àwòrán ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé fún mi gan-an ni mo ń béèrè: bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú iná láti ẹ̀gbẹ́, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní pípadé, iwájú gan-gan kí n lè rí bó ṣe dúró. Ẹni tó bá fi àwòrán ilé-iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi, mi ò ní bá a rajà.

Ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán bọ́nẹ́ẹ̀tì yín bí mo ṣe wí, kí ẹ tó tú síkúrù kankan, torí ọ̀pọ̀ òǹtajà kì í gba èyí tí wọ́n ti tú padà. Tó bá jẹ́ pé ó wú ni, ẹ dá a padà kíá kí àkókò tí wọ́n fún yín tó pé. Tó bá jẹ́ èérí, ẹ mú sukurudiráfà kékeré, kí ẹ tún ilẹ̀kùn yín ṣe.