Ẹ má ti fíìmù yín dé 1600 nítorí eré ìje ọkọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Fíìmù dúdú-òun-funfun ni mo fi ń ya eré ìje ọkọ̀ lọ́sàn-án. Wọ́n ní kí n ti HP5 Plus mi, tó jẹ́ fíìmù ISO 400, dé 1600, ìyẹn ni pé kí n yà á bíi fíìmù 1600, kí n sì fọ̀ ọ́ pẹ́ sí i nínú oògùn, kí n lè máa yà á ní 1/2000, ìdá kan nínú 2000 ìṣẹ́jú-àáyá. Àwòrán náà mọ́ kedere lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣe ni ọkọ̀ dà bí èyí tí wọ́n páàkì, táyà sì dúdú bí èédú. Ṣé kí n tì í dé 3200 ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ má tì í rárá. Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ sì ti ń wá: ẹnì kan ló ń sọ fáwọn èèyàn pé bí ọkọ̀ bá ṣe ń sáré tó ni shutter, ìyẹn ìlẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń tì lójú fíìmù, gbọ́dọ̀ yára tó. Irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 180 ní wákàtí kan ń gba mítà 50 kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí àyíká táyà rẹ̀ bá jẹ́ mítà 2, ìgbà 25 ni táyà náà yí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá yẹn. Ní 1/2000, kò tíì yí ju dígírì mẹ́rin àbọ̀ lọ tí shutter ti tì. Apá rọ́ìmù rẹ̀ á ṣeé kà lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi ti ọkọ̀ tó dúró. Ní 1/60, táyà kan náà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí dé ìdajì: apá rọ́ìmù á pòórá, gbogbo rẹ̀ á di òbírí kan tó ń dán. Ibẹ̀ ni eré ti ń hàn nínú àwòrán.

Títì yẹn kò sì fi ìmọ́lẹ̀ kankan kún fíìmù. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tó yẹ HP5 lẹ fún un, lẹ wá fẹ́ fi oògùn dí i. Nínú ID-11, oògùn tí a fi ń fọ fíìmù, tí a kò bu omi mọ́, ní 20°C, ìṣẹ́jú 7½ ló tó fún 400. 1600 ń gba 14. Ibi tó ti mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni àfikún yẹn ń ràn lọ́wọ́, bí orí ọkọ̀ àti àṣíborí awakọ̀. Táyà àti abẹ́ ọkọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ kò dé, kò sí oògùn tó lè fọ ohun tí kò sí níbẹ̀ jáde. Òun lẹ̀ ń rí yẹn.

Lójú oòrùn, fíìmù tó lọ́ra, tí nọ́ńbà ISO rẹ̀ kéré, ló yẹ yín. Fíìmù 400 ń béèrè bíi 1/500 ní f/16 (f ni ìwọ̀n ihò lẹ́ńsì; bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe tóbi tó ni ihò náà ń kéré tó); kẹ́ ẹ tó dé 1/60, ẹ ó nílò f/45, ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì kò sì kọjá f/22. Fíìmù FP4 Plus, tó jẹ́ ISO 125, ń gba f/16 ní 1/125. Ẹ fi fílítà aláwọ̀ ọsàn sí i, tó ń jẹ stọ́ọ̀pù méjì (stọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan ń dín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdajì), ẹ ó bọ́ sí f/11 ní 1/60. Ṣùgbọ́n fílítà yìí ń mú pupa funfun sí i: nọ́ńbà funfun lára ọkọ̀ pupa lè fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù.

Ẹ ti fi ọwọ́ ṣe fókọ́ọ̀sì sí àmì kan lójú ọ̀nà kí ọkọ̀ tó dé. Ẹ kọjú ẹsẹ̀ méjèèjì síbẹ̀, kẹ́ ẹ wá yí ìbàdí lọ pàdé ọkọ̀. Ẹ mú àṣíborí awakọ̀ sójú kan náà nínú kámẹ́rà, ẹ máa bá a yí bọ̀, ẹ tẹ bọ́tìnì ìyàwòrán. Kámẹ́rà onídígí (SLR) á ṣú lójú yín lákòókò yẹn gan-an, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dá ọwọ́ dúró tí àwòrán fi ń bàjẹ́. Ẹ má dúró, ẹ máa yí lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1/250, kẹ́ ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí mẹ́rin bá dára nínú 36, ẹ ti gbìyànjú.

Ọkọ̀ tó ń kọjú bọ̀ wá bá yín ló yẹ 1/500. Eré alẹ́ nìkan ni mo lè ní kẹ́ ẹ ti fíìmù sí.

N kò rí nẹ́gátíìfù yín o, shutter kámẹ́rà àtijọ́ sì lè máà bá nọ́ńbà ara rẹ̀ mu, nítorí náà ẹ fi fíìmù kan dán an wò ṣáájú ọjọ́ eré. Ẹ má sì kọjá irin ìdènà nítorí àwòrán kankan. Ẹni tó gbé ojú sí lẹ́ńsì kì í rí ọkọ̀ kejì tó ti yà kúrò lọ́nà.