Èsì: Ta ló ń yan orúkọ Dámà?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ṣé ẹ lè fúnra yín yan orúkọ Dámà, ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń fún ẹni tó bá gba ìlànà ẹ̀sìn Búdà, àti ṣé orúkọ inú páálí ìrìnnà yín máa yí padà. Rárá ni sí méjèèjì. Nínú Soto Zen, ẹ̀ka ẹ̀sìn Búdà ti Japan tí èmi wà, olùkọ́ ló ń sọni lórúkọ lọ́jọ́ jukai, ìyẹn ayẹyẹ gbígba ìlànà Búdà, bí àgbà ṣe ń sọ ọmọ tuntun.

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ gan-an ni kí ẹ múra sí! Ọwọ́ ara yín lẹ máa fi rán rakusu, aṣọ kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn. Lọ́dọ̀ tiwa, bí abẹ́rẹ́ bá ti ń wọlé lẹ óò máa pe "namu kie butsu" sínú, ìyẹn ni pé ẹ sá di Búdà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú tèmi. Àwọn tá a jọ ń rán an fi mí rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni olùkọ́ máa kọ orúkọ yín sí.

Ìlànà 16 lẹ máa gbà: ìsádi 3, ìlànà mímọ́ 3, eèwọ̀ ńlá 10, bíi má pa ẹ̀dá alààyè, má jalè, má purọ́. Wọ́n á tún fún yín ní kechimyaku, ìwé ìlà ìran tó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Búdà títí dé orí yín. Ẹ tètè ra òwú o.