Ẹni ọmọ sin ló bímọ: bí a ṣe ń tọpa òkú àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni àwọn àgbà ń wí tí wọ́n bá ní "Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ." Ó so ìbéèrè kejì mọ́ ọn. Ó ń wá ìtàn baba ńlá rẹ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó gbé ayé ní àsìkò tí òyìnbó wọ̀lú. Ojú oórì rẹ̀ wà nínú yàrá kan ní ilé àgbà wọn, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ, wọ́n sì kọ "1780–1895" sí i lára. Kò sí ìwé ẹ̀rí ikú, orúkọ nìkan ni àwọn ará ilé sì mọ̀. Ṣé ọdún yẹn ṣeé gbà gbọ́? Níbo ló tún yẹ kí òun wò?

Ìbéèrè méjèèjì fara kọ́ra. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka òwe yìí sí ọ̀rọ̀ ìtùnú, òótọ́ sì ni apá kan rẹ̀. Láyé tí ilẹ̀ẹ́gbóná ń pa ọmọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà nínú agbo ilé kan, ẹni tó bí mẹ́jọ lè má ní ju ẹyọ kan tí yóò bo ilẹ̀ lé e lórí. Ṣùgbọ́n apá kejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí kò sí ìwé, ìsìnkú ni ẹbí fi ń mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ. Ẹni tó dá owó, tó mú aṣọ wá bo òkú, tó bá wọn jókòó níbi tí wọ́n ti ń pín ogún, òun ni àdúgbò jẹ́rìí sí. Ẹni tí kò bá yọjú, tí kò sì rán ènìyàn wá, àwọn ọmọ rẹ̀ lè jà títí lọ́jọ́ iwájú kí ẹbí tó gbà pé ara wọn ni wọ́n.

Nítorí náà, ibi tí mo máa ń sọ pé kí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe pín ogún lẹ́yìn òkú náà. Baba tó bá ní ìyàwó mẹ́rin, ìdí igi mẹ́rin ni ogún rẹ̀ yóò pín sí, iye ọmọ yòówù kó wà ní ìdí kọ̀ọ̀kan. Àṣà yìí rinlẹ̀ débi pé nígbà tí ẹjọ́ ogún Dáwódù àti Dánmọ́lé láti Èkó dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, ìdí igi ni wọ́n fara mọ́, wọn kò gba orí òjorí, ìyẹn pípín in dọ́gba fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, láyè láti borí rẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà yín pé ìdí igi mélòó ló wà nínú ẹbí, ta ni ìyá ìdí kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ oko wo ni wọ́n pín fún ìdí wo. Ẹni tí kò rántí ọdún ikú baba ńlá rẹ̀ kì í gbàgbé oko tí wọ́n fi du ìdí ìyá rẹ̀. Tí ẹ bá sì gbọ́ pé ẹbí ti gbé ẹjọ́ ilẹ̀ lọ sí kóòtù rí, ẹ wá ìwé ẹjọ́ náà. Níbẹ̀ ni àwọn baba wa ti búra, tí wọ́n ka ìran wọn láti orí ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ náà dó, tí wọ́n sì ka àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Ọ̀rọ̀ ojú oórì wá kàn. Inú ilé ni wọ́n ń sin òkú àgbà sí, nínú yàrá tirẹ̀ gan-an tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí òkú má baà jìnnà sí àwọn ọmọ, kí ọ̀tá má baà rí i hú, kí ilé náà má sì bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Ta ni yóò ra ilé tí baba onílé sùn sí lábẹ́ yàrá? Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òkú ló ń wọlé. Ọmọdé tó kú, òkú ọ̀fọ̀ ni, ẹ̀yìn odi tàbí inú igbó ni. Ẹni tí ilẹ̀ẹ́gbóná pa, àwọn olórìṣà ló ni ín, ẹbí kò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ sunkún rẹ̀ ní gbangba. Bákan náà ni ẹni tí àrá pa, abuké, àti obìnrin tó kú toyún toyún: ètùtù àti àwọn awo ló ń palẹ̀ wọn mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹbí, òkú obìnrin máa ń padà sí ilé baba rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìyá ńlá rẹ̀, tó ń wo ilẹ̀ ilé ọkọ, ó lè máa wá a níbi tí kò sí.

Ogun náà tún wà níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1892, ọmọ ogun òyìnbó gba ọ̀nà Èpẹ́ wọ Ìjẹ̀bú. Wọ́n jà ní Ìmágbọ́n àti ní odò Yemọjí kí wọ́n tó wọ Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ wa tó bọ́ síbẹ̀ sì pọ̀. Ẹni tó kú sójú ogun tàbí sí ọ̀nà àjò, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n máa ń mú wálé sin bí àyè bá wà. Nítorí náà, oórì lè wà nínú yàrá kí òkú fúnra rẹ̀ má sí níbẹ̀.

Fún àwọn ará Rẹ́mọ, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ènìyàn kì í fọkàn sí. Ní 1872 ni àwọn ìlú bí Ọ̀fin àti Màkún kó jọ sójú kan tí a wá ń pè ní Ṣàgámù, kí ogun má baà kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Baba tó kú ṣáájú ọdún yẹn, ahoro ìlú àtijọ́ ni ojú oórì rẹ̀ wà. Ẹ bi àwọn ọdẹ àti àwọn tí oko wọn wà lápá ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí "1780–1895" yẹn. Nígbà tí baba yẹn kú, ilẹ̀ amọ̀ ni wọ́n lù pa lórí rẹ̀, kò sí ẹni tó kọ nǹkan kan. Àwọn ọmọ-ọmọ tó kàwé, tó sì rí owó, ló padà wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Wọ́n bi àwọn àgbà pé ọdún mélòó ni baba lò, àwọn àgbà ní ó gbó, ó tọ́, kò dín ní ọdún márùndínlọ́gọ́fà. Wọ́n bá yọ ọ́ kúrò nínú ọdún ikú. Ọ̀wọ̀ ló wà nínú ọdún ìbí tí wọ́n kọ, kì í ṣe ìṣirò. Ẹ wá ọmọ rẹ̀ tó kéré jù. Ká ní wọ́n ṣèrìbọmi fún un ní 1899, tí ìwé sọ pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, a jẹ́ pé ẹni ọdún 109 ni baba tó bí i, bí 1780 bá jẹ́ òótọ́. Ó ṣòro. Ọdún ikú ní tirẹ̀ máa ń sún mọ́ òótọ́ ju ọdún ìbí lọ, torí ojú àwọn ọmọ ló ṣe. Ẹ wò ó bóyá ìtàn kan wà nílé pé baba kú ní ọdún tí Awùjalẹ̀ wàjà. Awùjalẹ̀ Túnwàṣe, tó wà lórí oyè nígbà ogun Ìmágbọ́n, wàjà ní 1895. Tí ìtàn méjèèjì bá pàdé, ẹ di 1895 mú.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí ni orúkọ àwọn ọmọ, torí kò sí ẹni tó ronú láti parọ́ níbẹ̀. Babátúndé tàbí Babájídé nínú ẹbí túmọ̀ sí pé baba àgbà ti kú kí wọ́n tó bí ọmọ náà, ikú náà kì í sì í jìnnà. Yétúndé àti Ìyábọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyá. Tí ẹ bá rí ọdún tí wọ́n bí Babátúndé àkọ́kọ́ lẹ́yìn baba yín yìí, ẹ ti rí ọdún tí ikú rẹ̀ kò lè kọjá. Kúforíjì, Málọmọ́, Dúrójayé, àwọn wọ̀nyí ń sọ ti àwọn ọmọ tó ti kú ṣáájú, tí ẹnikẹ́ni kò kà, tí kò sì sí oórì wọn níbì kankan. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀. Àwọn náà wà lára ẹbí.

Régbérégbé ń ṣèrànwọ́ pẹ̀lú. Ní òde òní, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n fi ń kó àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí jọ ní Ìjẹ̀bú. Tí ẹ bá mọ régbérégbé àgbà kan, tí àgbà náà sì sọ pé "mo ti ń rìn nígbà tí wọ́n sin ín," ẹ ti ní òpó kan láti di mú. Olórítún yín, ìyẹn olórí ìtún (àdúgbò), lè mọ̀ sí i ju àwọn ará ilé lọ, torí òun ló mọ ilé tó wà ní ìtún rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe jogún wọn.

Ìwé ìjọ wá ńkọ́? Kí 1892 tó dé, Ìjẹ̀bú kò fẹ́ míṣọ́nnárì láàárín ìlú. Lẹ́yìn ogun ni ọ̀nà ṣí, tí ṣọ́ọ̀ṣì sì pọ̀ lójijì. Nínú ìwé ìsìnkú ìjọ Áńgílíkà, ìlà kọ̀ọ̀kan ń sọ orúkọ òkú, ibùgbé rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n sin ín, ọjọ́ orí rẹ̀ àti àlùfáà tó ṣe ìsìn. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọjọ́ ìsìnkú ni, kì í ṣe ọjọ́ ikú. Ọjọ́ orí tó bá parí sí òdo, bí 60, 70, 80, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n fojú bù ú ni. Ọmọ ìjọ nìkan ló wà níbẹ̀, nítorí náà baba abọ̀rìṣà kò ní sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ lè wà nínú ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìgbéyàwó, níbi tí wọ́n ti ń béèrè orúkọ baba. Nígbà mìíràn, ìwé ìgbéyàwó máa ń sọ bóyá baba ti kú tàbí ó wà láàyè. Tí ó bá wà láàyè nígbà ìgbéyàwó kan, tó sì ti kú nígbà èkejì, ọdún ikú rẹ̀ wà láàárín méjèèjì. Ẹ kí àlùfáà àti ìjókòó àwọn àgbà ìjọ dáadáa kí ẹ tó béèrè, ìwé náà ti gbó, wọn kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e jáde. Fún àwọn baba tó ti gba Ìsìláàmù, wọn kì í pẹ́ sin òkú, sàréè wọn kì í sì í ní àmì púpọ̀. Ẹ lọ bá ìdílé lèmọ́ọ̀mù àtijọ́.

Ìwé ìjọba wà ní Ibi Ìkówèésí Ìtàn Orílẹ̀-èdè tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ béèrè fún ìwé "Ije Prof", ti ọ́fíìsì ìṣàkóso Ìjẹ̀bú nígbà náà, níbi tí ẹjọ́ ilẹ̀, oyè àti ogún wà. Ìwé àwọn míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà) wà ní Yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tí baba yín bá ṣòwò dé Èkó, ẹ wo ibẹ̀, torí Èkó wà lábẹ́ òyìnbó láti 1861, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ikú sì ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kí ti Ìjẹ̀bú tó bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ibi wọ̀nyí, ẹ wá orúkọ ní oríṣiríṣi ọ̀nà. "Jebu Ode" àti "Jebu Remo" ni òyìnbó ń kọ, kò sí I níwájú. "Sh" ni wọ́n fi ń kọ ṣ, "Shagamu," "Shonibare." Ẹni tí ilé ń pè ní Odùṣọlá lè jẹ́ Josiah tàbí Daniel nínú ìwé, kí orúkọ baba rẹ̀ sì di orúkọ ìdílé. Kí ẹ tó gbéra lọ sí Ìbàdàn, ẹ kọ gbogbo orúkọ tí ilé ń pè é, orúkọ ìyá rẹ̀, ìtún rẹ̀ àti orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kan, torí orúkọ ọmọ ni ẹ máa ń kọ́kọ́ rí kí ẹ tó rí ti baba.