Ṣé Òtútù Orí Òkè Ò Tó Ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kà á pé ẹ̀rọ MOSFIRE, tí wọ́n fi ń wo ìmọ́lẹ̀ infrared (èyí tí ojú wa ò lè rí) láti ọ̀dọ̀ àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀, tó wà lára awò awọ̀nàjíjìn Keck I lórí òkè Mauna Kea ní Hawaii, tutù ju yìnyín lọ fíìfíì. Ṣé òtútù orí òkè náà ò tó ni? Kí sì ni wọ́n ń sún awò náà síwá sẹ́yìn fún lóru?
– Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Kò tó rárá. Ohunkóhun tó bá ní ooru lára ló ń tan ìmọ́lẹ̀ infrared, yìnyín pàápàá ń tàn. Háídírójìn inú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ máa ń tàn pupa, ìgùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ náà sì jẹ́ máíkírọ́nù 0.656 (máíkírọ́nù kan jẹ́ ìdá kan nínú 1,000 mìlímítà), ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ náà bá ti rìn fún nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún 10 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, á ti nà kọjá máíkírọ́nù 2. Ibẹ̀ gan-an ni ìtànṣán ara ẹ̀rọ tí kò tutù ti ń bo ohun tí à ń wá mọ́lẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí lẹ́ǹsì, fílítà àti gbogbo ohun inú MOSFIRE fi wà ní nǹkan bíi −153 °C, tí detector rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ bí àwòrán, sì wà ní −196 °C. Detector tí kò bá tutù tó á máa ka ooru ara rẹ̀ mọ́ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀.

Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa afẹ́fẹ́ inú àgbá ẹ̀rọ náà jáde, torí ọ̀rinrin tó bá ṣẹ́kù á dì mọ́ lẹ́ǹsì. Wọn kì í sì í kánjú mú un tutù: lẹ́ǹsì tí wọ́n fi calcium fluoride (irú kírísítálì kan) ṣe lè sán bí apá kan bá tutù ṣáájú èkejì. Alumíníọ̀mù náà ń sún kì ní nǹkan bíi 4 nínú 1,000 bó bá tutù tó bẹ́ẹ̀. Bí òrùka alumíníọ̀mù tó di lẹ́ǹsì mú kò bá ní ohun tó ń tẹ̀ bíi sípíríǹgì, á fún un fọ́.

Ní ti sísún awò, hydroxyl (ọ́síjìn kan àti háídírójìn kan tó so pọ̀) tó wà nínú afẹ́fẹ́ ní nǹkan bíi kìlómítà 87 sókè ló ń dààmú wọn. Ó ń tàn lóru, kì í sì í dúró sójú kan. Wọ́n á ya àwòrán kan, wọ́n á sún awò díẹ̀, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ náà á bọ́ sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nínú ihò tóóró tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gbà wọ inú ẹ̀rọ, wọ́n á ya òmíràn, wọ́n á wá yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì. Ohun tó bá jọra nínú méjèèjì, ojú ọ̀run ni, á lọ. Bí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú púpọ̀ jù sórí àwòrán kan, hydroxyl á ti yí padà, àbààwọ́n á ṣẹ́kù.

Àwọn ihò tóóró yẹn, 46 ni wọ́n. Ọ̀pá tíntìntín 92 ló ń ṣe wọ́n, méjì méjì, inú òtútù yẹn náà ni wọ́n sì ti ń rìn. Lójú tiwa, ibí yìí ni ọgbọ́n ẹ̀rọ náà pọ̀ sí jù: kò tó ìṣẹ́jú 6 tí wọ́n fi ń tò wọ́n fún ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ mìíràn, láì ṣí àgbá ẹ̀rọ náà sílẹ̀ rárá.