Ìbéèrè òǹkàwé: Àdúgbò wo ni ká gbé ní Manchester pẹ̀lú ọmọ kéékèèké méjì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyàwó mi ti rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù ńlá tó wà ní Oxford Road, Manchester. Ọmọ wa àgbà pé ọdún mẹ́fà ní oṣù kọkànlá, àbúrò rẹ̀ yóò pé mẹ́rin ní oṣù karùn-ún. Oṣù kejì la máa gúnlẹ̀. Àwọn kan ní Didsbury ni ká gbé, àwọn mìíràn ní ká wá ibi tí owó ilé ti rọjú. Èwo ló dáa? Ṣé ká ti sanwó ilé sílẹ̀ kí a tó dé?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra. Kí n ti ẹ̀yìn dáhùn: ẹ má sanwó ilé tí ẹ ò tíì fojú rí. Ẹ gba ibùgbé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kí ẹ máa ti ibẹ̀ wá ilé. Ní ti àdúgbò, orúkọ rẹ̀ kọ́ ló ṣe kókó. Ẹ kọ́kọ́ wo aago iṣẹ́ ìyàwó yín àti ilé ìwé tó ní àyè, lẹ́yìn náà lẹ tó máa wá ilé.

Iṣẹ́ ọ̀sán nọ́ọ̀sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ àárọ̀, ó sì lè di aago mẹ́jọ alẹ́ kó tó parí. Ọ̀pọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi kì í ṣílẹ̀kùn ṣáájú aago méje ààbọ̀, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì ń tì í. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń jáde ní nǹkan bí aago mẹ́ta sí mẹ́ta ààbọ̀. Lọ́jọ́ tí ìyàwó yín bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yin lẹ máa mú àwọn ọmọ lọ, ẹ̀yin náà lẹ máa lọ mú wọn, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wọn ìrìn náà: láti ilé dé ilé ìwé ẹ̀gbọ́n, láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àbúrò, láti ibẹ̀ dé ibi iṣẹ́ tiyín. Bí ti àwọn ọmọ nìkan bá ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, ilé yẹn ti jìnnà jù, ìbáà dà bí ààfin. Òjò Manchester kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Didsbury dáa, àmọ́ ẹ wo ọ̀nà rẹ̀. Tram (ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú) tó ń ti East Didsbury bọ̀ ń gba ìhà Chorlton wọ àárín ìlú, kò kan Oxford Road. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á bọ́ sílẹ̀ ní St Peter's Square, á tún máa wá ọ̀nà padà sí ọsibítù. Bọ́ọ̀sì tó ń tọ Wilmslow Road ló ń lọ tààrà, ó ń ti Didsbury gba Withington, Fallowfield àti Rusholme. Èmi á wá ilé tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí títì yẹn, Withington ni màá sì kọ́kọ́ wò. Fallowfield súnmọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló kún ibẹ̀. Ẹ lọ dúró sí òpópó ilé náà ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kí ẹ tó pinnu.

Ilé ìwé wá ni ọ̀rọ̀ tó gùn. Ti ìjọba kì í gbowó, àwọn ọmọ yín sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i lórí físà iṣẹ́. Àyè ló ṣòro. Ní England, òfin ní kíláàsì Reception (èyí àkọ́kọ́, tó ṣáájú Year 1), Year 1 àti Year 2 kò gbọ́dọ̀ ju ọmọ 30 lọ sọ́wọ́ tíṣà kan, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀. Year 1 ni ọmọ yín àgbà máa wọ̀. Bí wọ́n bá ti pé 30, ẹ̀bẹ̀ kì í sábà ṣiṣẹ́. Wọ́n á kàn kọ orúkọ rẹ̀ sára àwọn tó ń dúró de àyè ni. Èèyàn lè tìtorí ilé ìwé olókìkí gba ilé olówó gọbọi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n wá fi ọmọ rẹ̀ sí ibòmíràn. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ síwèé ilé, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka ìgbàwọlé ní káńsù (ìjọba ìbílẹ̀), kí ẹ béèrè ní pàtó pé: ilé ìwé wo ló ní àyè fún ọmọ Year 1 lónìí nítòsí postcode yìí? Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó ka ìròyìn Ofsted, àjọ tó ń yẹ ilé ìwé wò, nípa àwọn tó bá ní àyè.

Àbúrò máa wọ Reception ní oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ni fọ́ọ̀mù ń parí, ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ni èsì ń jáde. Ẹ máa wà lẹ́yìn àwọn tó fi tiwọn sílẹ̀ lásìkò, nítorí náà ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá ní àdírẹ́sì gan-an ni kí ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá tiẹ̀ ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi tó wà nínú ọgbà ilé ìwé kan, ìyẹn ò ní kó wọlé fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ló ti fi èyí ṣàṣìṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló lè ṣí ilẹ̀kùn fún un, torí ọ̀pọ̀ ilé ìwé máa ń ka àbúrò ẹni tó wà níbẹ̀ sí kí wọ́n tó wo ta ni ilé rẹ̀ súnmọ́. Ìlà tààrà lórí máàpù ni ọ̀pọ̀ káńsù fi ń wọn ìtòsí yìí, kì í ṣe ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń tọ̀.

Títí di ìgbà náà, ó ní wákàtí 15 lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 38 lọ́dún. Wákàtí 30 tí àwọn èèyàn ń sọ kì í kan ìdílé tí físà àwọn òbí méjèèjì kò gbà wọ́n láàyè láti jẹ owó ìrànwọ́ ìjọba. Ẹ ṣírò owó jẹ́lé-ó-sinmi pọ̀ mọ́ owó ilé. Ilé tó wọ́n díẹ̀ lè wá dínwó nígbà tí ẹ bá parí ìṣirò.

Ẹ ṣọ́ ààlà o. Lójú àlejò, ìlú kan ni gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ káńsù mẹ́wàá ló wà nínú Greater Manchester. Hulme wà lábẹ́ Manchester, Old Trafford tó fara kàn án wà lábẹ́ Trafford. Fọ́ọ̀mù ilé ìwé àti iye council tax (owó orí tí káńsù ń gbà lórí ilé) yàtọ̀ láti káńsù kan sí èkejì.

Bí ẹ bá dé inú ilé, ẹ sún kọ́ńbọ́ọ̀dù tó fara ti ògiri ìta, kí ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá tutù tó sì ní àmì dúdú tótòòtó, ògiri ti ń bu nìyẹn, àyà ọmọ ló sì máa yọ lẹ́nu. Bí ẹ bá gbóòórùn ọ̀dà tuntun lójú ibì kan ṣoṣo, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi bò mọ́lẹ̀. Ẹ wo EPC ilé náà pẹ̀lú, ìyẹn ìwé tó ń fi lẹ́tà A sí G sọ bí ilé ṣe ń lo agbára iná àti ooru sí; E ló gbọ́dọ̀ kéré jù. Ẹ tẹ postcode sí police.uk, ìkànnì tó ń fi ìwà ọ̀daràn àdúgbò hàn, àmọ́ ẹ wo ìfọ́lé àti ìwà ipá lọ́tọ̀, torí olè jíjà nínú ṣọ́ọ̀bù máa ń gbé iye ìwà ọ̀daràn sókè níbi tí ọjà bá wà.

Ní ti deposit (owó tí onílé ń gbà mú lọ́wọ́ bí ìdúró), bí owó ilé ọdún kan kò bá tó £50,000, kò gbọ́dọ̀ ju owó ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Fún ilé £1,200 lóṣù, ẹ fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi 52 pín in, ẹ wá fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀: £1,384.61 nìyẹn. Ejẹ́ǹtì máa béèrè share code yín, kóòdù tí ẹ ń gbà lórí ìkànnì ìjọba, láti fi wo físà. Èyí tó fi lẹ́tà R bẹ̀rẹ̀ ni ti ilé. Láàárín ọjọ́ 30 tí ẹ bá sanwó, onílé gbọ́dọ̀ fi deposit náà sábẹ́ ètò tí ìjọba fọwọ́ sí, kó sì kọ̀wé sọ èyí tó lò fún yín. Bí ìwé náà ò bá dé, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ onílé nínú ìwé, kì í ṣe lórí fóònù.