Ṣé Mo Lè Dín Ọjọ́ Orí Mi Kù Kí N Lè Ríṣẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Àáfà, asalaamu alaikum. Ẹ kú iṣẹ́ Ọlọ́hun. Ogbómọ̀ṣọ́ níbí ni mò ń gbé, ní ìtòsí Tákíé. Ọmọ ọdún 53 ni mí, ó sì ti pé ọdún 19 tí mo ti ń po fúláwà ní ilé búrẹ́dì kan. Láti ìgbà tí ọmọ ọ̀gá wa ti di mánéjà ni nǹkan ti yí padà. Wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun, ó kọ́ àwọn ọmọdé mẹ́ta bí wọ́n ṣe ń lò ó, ó ní kí èmi máa ka búrẹ́dì sínú ọ̀rá. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní, "Bàbá, ẹ lọ sinmi, ayé yín ti lọ." Lóṣù tó kọjá, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ẹnu géètì pé àwọn ń wá òṣìṣẹ́, àmọ́ onítọ̀hún ò gbọdọ̀ ju ọdún 30 lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ búra ní kóòtù pé 44 ni mí, kí n fi wáṣẹ́ síbòmíràn. Ìyàwó mi ní kí n fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́hun, kí n má bá Mùsùlùmí bíi tèmi ṣẹjọ́. Èwo ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Wa alaikumu salaam. Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún mẹ́fà lẹ fi jù mí, ẹ gbà mí láyè kí n sọ̀rọ̀ níwájú yín.

Ẹ má lọ búra. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Lóòótọ́ ni, nílùú wa yìí, a rí ẹni tí àbúrò rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, tí òun ẹ̀gbọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí Abu Bakrah, ọ̀kan lára àwọn sàábà (àwọn tó bá Ànábì gbé ayé), gbà wá. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń ka àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi jù fún àwọn sàábà, ó fẹ̀yìn ti nǹkan. Nígbà tó dé orí ẹ̀rí èké, ó dìde jókòó. Ó ń tún un sọ, ó ń tún un sọ, títí àwọn sàábà fi ń wí nínú ọkàn wọn pé ì bá dára kó dákẹ́. Ẹ̀rí èké ni ìwé tí ọ̀rẹ́ yín ní kí ẹ lọ gbà yẹn, ẹ ó sì tún fi orúkọ Ọlọ́hun tì í lẹ́yìn. (Bí a bá tiẹ̀ ní ká fi ọdún Hìjírà kà á, ńṣe ló máa lé sí i: ó fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kéré sí ọdún òyìnbó, 53 yín ti kọjá 54.)

Ṣé wọ́n wá ń ṣàbòsí sí yín? Ibí gba sùúrù. Nínú Súúrà Kasas, áyà 26, ọmọbìnrin kan sọ fún bàbá rẹ̀ nípa Ànábì Músá pé kó gbà á síṣẹ́, torí ẹni tó dára jù láti gbà ni alágbára tó ṣe é fọkàn tán. Nǹkan méjì ló dá, agbára àti ìfọkàntán. Kò dá ọjọ́ orí. Síbẹ̀, áyà 23 nínú súúrà kan náà sọ pé bàbá wọn ti darúgbó gan-an, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọbìnrin fi ń da ẹran fúnra wọn. Agbára máa ń tán lóòótọ́. Nítorí náà, bí ẹ ò bá lè gbé àpò fúláwà mọ́, tí mánéjà sì gbé yín kúrò nídìí rẹ̀, kò fìyà jẹ yín. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àbòsí pé ọmọdé ni ọ̀gá yín: Ànábì fi Usáámà ọmọ Zaid, tí kò ju nǹkan bí ọdún 20 lọ, ṣe olórí ogun lórí àwọn àgbà. Àwọn kan kùn, ó sì gbèjà rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bi ara yín ni pé, ṣé wọ́n dán yín wò lórí ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó ní ẹ ò lè lò ó? Ohun tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀, agbára wo ló fẹ́? Ẹni tó ti po fúláwà nínú ọyẹ́ mọ́kàndínlógún ti mọ̀ pé lówùúrọ̀ tí òtútù bá mú, fúláwà kì í tètè wú, ó sì mọ ìgbà tó ti tó láti gbé e wọ ààrò. Bí wọn ò bá dán yín wò, tó jẹ́ irun funfun nìkan ni wọ́n rí, a jẹ́ pé òṣùwọ̀n tí Ọlọ́hun ò fún wọn ni wọ́n ń lò.

Ẹ bá mi dá ìyàwó yín lóhùn pé sùúrù kì í ṣe ìdákẹ́. Súúrà Nisáì, áyà 148, yọ̀ǹda fún ẹni tí wọ́n ṣàbòsí sí láti sọ ọ́ síta. Àwọn sàábà náà a máa gbé ẹjọ́ ara wọn wá síwájú Ànábì. Àmọ́ kí ẹ tó dé kóòtù, ẹ lọ bá bàbá tó ni ilé búrẹ́dì nílé, lẹ́yìn ìrun Àsírì, pẹ̀lú àgbà kan tó ń bọ̀wọ̀ fún. Ẹ má sọ pé ọmọ rẹ̀ ò gbẹ̀kọ́, kò sí bàbá tó máa gbọ́ ìyẹn. Ẹ ní kó fi yín sídìí ẹ̀rọ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó wá fi iṣẹ́ yín wé ti àwọn yòókù. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ sí yín, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò ìwé ẹnu géètì yẹn.

Tó bá wá di pé wọ́n ní kí ẹ máa lọ, òfin orílẹ̀-èdè wa ò fi bẹ́ẹ̀ kún lórí èyí. Abala 42 nínú ìwé òfin ọdún 1999 dárúkọ ẹ̀yà, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn, èrò òṣèlú. Kò dárúkọ ọjọ́ orí. Ṣùgbọ́n òfin òṣìṣẹ́ ní kí wọ́n fún ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìwé oṣù kan ṣáájú. Bó bá sì jẹ́ pé òṣìṣẹ́ pọ̀ jù ni wọ́n fi ń dín in kù, ẹni tó dé kẹ́yìn ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ, bí òfin ṣe ní kí wọ́n wo ìmọ̀ iṣẹ́ àti ìṣeégbẹ́kẹ̀lé mọ́ ọn. Bí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá tó 15, ẹ bèèrè owó ìfẹ̀yìntì: òfin ọdún 2014 ní kí ọ̀gá máa san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, kí òṣìṣẹ́ san 8. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn.

Bí ẹ bá rí àyè, ẹ sọ ìtàn Umáru, olórí Mùsùlùmí kejì lẹ́yìn Ànábì, fún bàbá náà. Ó rí arúgbó Júù kan tó ń tọrọ bárà, ó fà á lọ́wọ́ lọ sílé, ó fún un ní nǹkan, ó sì ní kí àpò ìjọba máa gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ó ní àwọn ò ṣe dáadáa sí i bí àwọn bá jẹ ìgbà èwe rẹ̀ tán, tí àwọn sì pa á tì lọ́jọ́ ogbó.

Ní ti iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ wá síbòmíràn, ẹ máa wá a lọ. Níbi tí fọ́ọ̀mù bá ti bèèrè ọjọ́ orí, 53 ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì kọ ọdún 19 ilé búrẹ́dì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gàdàgbà. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù.