Bí ìwé òfin bá ní kí kóòtù má dá sí i, báwo ni kóòtù ṣe dá gómìnà padà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà wa. Tíṣà ni mí ní Bódìjà, àwọn ọmọ SS3 ni mò ń kọ́ ní ẹ̀kọ́ ìjọba. A ka abala 188 ìwé òfin ọdún 1999. Ẹsẹ 10 ní kóòtù kankan kò gbọdọ̀ yẹ bí ilé aṣòfin ṣe yọ gómìnà wò. Ni ọmọ kan bá ní bàbá òun sọ pé kóòtù ló dá Ládọjà padà sípò. Kí ni kí n sọ fún un?

Ìdáhùn: Tíṣà, bàbá rẹ̀ jàre, ẹ̀yin náà ò sì ṣìwé kà.

Ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2006 ni aṣòfin 18 nínú 32 kéde pé àwọn ti yọ Ràṣídì Ládọjà, Kábíyèsí Olúbàdàn wa lónìí, nípò gómìnà Ọ̀yọ́. Bẹ́ẹ̀ abala 188 yìí kan náà ló ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣírò rẹ̀ lójú pátákó: ó kéré tán, 22. Ilé ẹjọ́ gíga n'Íbàdàn níbí wo ẹsẹ 10, ó ní ọwọ́ òun ò tó o. Kòtẹ́milọ́rùn ní ó tó o. Lọ́jọ́ 7 oṣù kejìlá, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fọwọ́ sí ti kòtẹ́milọ́rùn, Ládọjà sì padà.

Ibí ni kí ẹ dúró lé dáadáa. Àwọn adájọ́ ò pa ẹsẹ 10 rẹ́. Wọ́n ní ìyọnípò tó bá gba ọ̀nà tí ẹsẹ 1 dé 9 là sílẹ̀ nìkan ni ẹsẹ náà ń dáàbò bò. Èyí tí ò bá gba ibẹ̀, kì í ṣe ìyọnípò lójú òfin. Ìdájọ́ yìí wú mi lórí títí dòní, torí ẹni tó rú òfin ò lè sá pamọ́ sábẹ́ òfin yẹn kan náà.

Ọ̀rọ̀ kan ò yí padà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ti múlẹ̀. Abala 287 ló pàṣẹ pé kí gbogbo aláṣẹ àti kóòtù tó wà nísàlẹ̀ tẹ̀lé ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ káàkiri Nàìjíríà. Ní Plateau, aṣòfin 8 nínú 24 ló yọ Joshua Dariye. Lóṣù kẹrin ọdún 2007, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fagi lé e.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rò pé gbogbo gómìnà tí wọ́n bá yọ ni kóòtù máa dá padà o. Bí ilé bá tẹ̀lé ìlànà délẹ̀, ẹsẹ 10 ṣì ń jà. Kí wọ́n kọ orúkọ tí wọ́n ń pe ẹjọ́ Ládọjà náà, Inakoju àti Adeleke, sẹ́gbẹ̀ẹ́ abala 188 nínú nóòtì wọn.